Ẹyẹ Tó Jẹ Ẹja Ìyá Ọkọ Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ìyàwó tuntun ni mí ní Àgbádárìgì, nígbà tí owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ìrẹsì òyìnbó kún ọjà Àgbálátà. Ìyá ọkọ mi ń bọ̀ láti ìlú Apá wá jẹun lọ́wọ́ mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn kan sì ti lọ sọ fún wọn pé mi ò mọ nǹkan kan nípa ọbẹ̀.

Mo ra ẹja epìyà tútù kún abọ́ ńlá kan sílẹ̀, mo wá sáré lọ wa ẹ̀gẹ́ lóko. Àárín ebè ni mo ti rí ẹyẹ kan tí òjò ti lù, kò lè fò. Ó tóbi ju tòlótòló lọ, àgógó rẹ̀ gùn ju ìgbákọ lọ. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹran dé. Mo fi gèlè bò ó lójú, mo pọ̀n ọ́n bí ọmọ. Obìnrin kan kí mi lọ́nà pé, "Ẹ kú ọmọ o," ni àgógó bá yọ léjìká mi. Obìnrin náà kò dúró gbọ́ ìdáhùn.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ké sí àfáà àdúgbò pé kí wọ́n wá bá wa dúńbú rẹ̀. Àfáà yí i po, wọ́n ní, "Ẹyẹ wo nìyí? Tó bá jẹ́ èyí tó ń fi èékánná ṣọdẹ ni, kò tọ́ kí a jẹ ẹ́."

Ọkọ mi ní, "Pẹ́pẹ́yẹ ni, Àfáà. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Pẹ́pẹ́yẹ tó lápò lábẹ́ ẹnu? Ẹ fún un lóúnjẹ, ká wo ohun tó ń jẹ."

A da àgbàdo sílẹ̀, kò wò ó. Èmi ọlọ́gbọ́n wá gbé abọ́ epìyà jáde, pé kí n mú ẹyọ kan fún un. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó ti ki àgógó bọ inú abọ́, ó bu ẹja tomi-tomi. Ọkọ mi di ọrùn rẹ̀ mú, omi tú sí i láṣọ, ẹja ń lọ sísàlẹ̀ ọ̀fun ní tirẹ̀. Ó tún bu ìyókù.

Àfáà ní, "Ó dà bí ẹni pé ẹja ló ń jẹ."

Orí èyí ni ìyá ọkọ mi bá wa. Mo kúnlẹ̀ sínú omi ẹja.

"Ìyàwó, kí la fẹ́ jẹ?"

"Ẹja ni, mà. Ẹyẹ yìí ti jẹ ẹ́."

Wọ́n wò ó dáadáa. "Òfú rè é. Ìgbà ọmọdé mi ni mo ti rí i kẹ́yìn lórí ọ̀sà. Gbogbo ẹja náà ló jẹ?"

"Gbogbo ẹ̀, mà."

"A jẹ́ pé ẹja gidi lo rà. Ẹ tú u sílẹ̀, ó ti jẹun nílé wa." Ni wọ́n bá jókòó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Gàrí àti àgbọn la jẹ.

Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé kí n máa béèrè ohun tí nǹkan jẹ́ kí n tó gbé e pọ̀n. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, nítorí títí ìyá ọkọ mi fi kú, bí wọ́n bá fẹ́ fi mí han àlejò, wọ́n á ní, "Ìyàwó mi nìyí, ẹni tó gba òfú lálejò."