Mọ́tò Afàyàfà

Gbàgà! Kẹrẹẹẹ!

Ohun tí mọ́tò Yasir máa ń sọ nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó bá pàdé bọ́m̀pù ní àdúgbò Lasunwon. Bọ́m̀pù sì pọ̀ ní Ìkòròdú ju ọ̀nà lọ. Bí àwọn lándíọ́ọ̀dù bá ti ṣèpàdé báyìí, bọ́m̀pù tuntun ni wọ́n máa bí.

Mọ́tò eré ni, pupa fòò, onílẹ̀kùn méjì. Ó dára tẹ́lẹ̀ o! Yasir ló ní ó ga jù. Ó gé sípíríǹgì rẹ̀, ó gbé e wálẹ̀, ó tún gbé e wálẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé èèrà ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó kọjá lábẹ́ rẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò yẹn, ewúrẹ́ ló ga.

Jẹ̀lílì mẹkáníìkì wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wò ó.

Mo parọ́. Kò sí abẹ́ níbẹ̀. Jáàkì ló kọ́kọ́ fi gbé e sókè.

"Sitebiláísà ni," Jẹ̀lílì wí. Irin gbọọrọ tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ẹsẹ̀ òsì nìyẹn o, òun ni kì í jẹ́ kí mọ́tò fì bó bá ń yà ní kọ̀rọ̀. "Mọ́tò ti wálẹ̀ jù, irin yìí ò ráàyè mọ́. Bó bá ti fò díẹ̀, á fi orí gbá ara mọ́tò. Jẹ́ n ki rọ́bà bọ sípíríǹgì, kó lè ga díẹ̀."

"Kó ga kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Tó bá ga, kí wá ni ìyàtọ̀ èmi àti onítakisí?"

Ni Jẹ̀lílì bá fi línkéèjì kúkúrú sí i, irin kékeré tó so sitebiláísà mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò, ó ti irin gbọọrọ náà sẹ́yìn, ó wá ti ìka bọ àlàfo rẹ̀ wò. Ìka kan péré ló wọ̀ ọ́.

"Ìwọ nìkan ni kó o máa gbé o. Bó o bá gbé ẹlòmíì, tẹ́ ẹ bá ti dé bọ́m̀pù, kó sọ̀ kalẹ̀ kó fẹsẹ̀ gùn ún."

"Ìyẹn ò le," ni Yasir wí.

Kò le, ó ní! Ẹ̀rín ń pa mí!

Àṣé ọ̀rọ̀ ìyàwó wà nílẹ̀. Hanifah, ọmọ Ẹ̀pẹ́, ni Yasir fẹ́ fẹ́. Alájì Sàlàkọ́, bàbá ọmọ, ló ni àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹja lórí ọ̀sà. Ọkùnrin méjì ló ti lé dànù. Ó ní ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ jù, ó ní èkejì ò sọ̀rọ̀ rárá. Ó wá ránṣẹ́ sí Yasir: "Kó wá gbé mi ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, kó gbé mi délé. Ibi téèyàn ti ń wa mọ́tò ni mo ti ń mọ ìwà rẹ̀. Bá a bá délé, màá fún un lésì."

Ohun tí Yasir ò rò ni pé Alájì kì í ṣe èèyàn kékeré. Bí Alájì bá wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹja tó wà nísàlẹ̀ ọ̀sà á mọ̀ pé ọ̀gá ti dé.

Wọ́n kírun Jímọ̀ tán ní Ẹ̀pẹ́. Alájì yọ nínú agbádá funfun, ó dúró ti mọ́tò, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Yasir, ṣé ó rì ni?"

"Rárá sà. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

Alájì fi ìdí wá àga. Kò bá àga. Ó tún lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí i, kò bá nǹkan kan. Ó ń lọ, ó ń lọ...

Gbì!

Mọ́tò mí kanlẹ̀: fììììì.

"Ṣé ilẹ̀ ni mo jókòó sí ni?"

Wọ́n ò tíì rìn jìnnà tí bọ́m̀pù fi yọjú. Òógùn bo Yasir.

GBÀGÀ! KẸRẸẸẸ!

"Láìláhà! Ta lo tẹ̀?"

"Mi ò tẹ ẹnì kankan sà. Sitebiláísà ni."

"Ará ibo nìyẹn?"

"Irin ni sà. Ẹ má bínú... bá a bá ti dé bọ́m̀pù, ẹ bá mi sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sà."

Alájì wò ó títí, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Sísọ̀ kalẹ̀ yẹn gan-an, iṣẹ́ ni. Ẹsẹ̀ kan á kọ́kọ́ jáde, agbádá á tẹ̀ lé e, Yasir á wá sáré yí po, á fa Alájì ní ọwọ́ méjèèjì bí ẹní fa àwọ̀n tó kún. Alájì á rìn kọjá bọ́m̀pù, á tún wọlé. Fììììì. Bọ́m̀pù mìíràn á ti máa dúró dè wọ́n níwájú.

Sọ̀ kalẹ̀. Wọlé. Sọ̀ kalẹ̀. Wọlé.

Nígbà tó yá, Alájì ká agbádá lé èjìká. "Ọmọ mi, má ṣe ìyọnu mọ́. Máa tẹ̀ lé mi bọ̀."

Ló bá bọ́ síwájú, ó ń rìn. Yasir ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè pííìn-pííìn, Yasir bá tan pọ́íńtà ọ̀tún àti tòsì pa pọ̀, wọ́n ń ṣẹ́jú.

Ẹ fojú inú wò ó ná. Ọjọ́ Jímọ̀. Àgbàlagbà aláṣọ funfun ń rìn jẹ́jẹ́ níwájú, ó dorí kodò. Mọ́tò ń wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, iná ń ṣẹ́jú. Kí lẹ máa rò?

Ohun tí ará Ẹ̀pẹ́ rò náà nìyẹn.

Télọ̀ kan fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó tò sẹ́yìn mọ́tò. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja kó ọwọ́ lérí, wọ́n tẹ̀ lé télọ̀. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, èrò ti kún títì, àwọn tó wà lẹ́yìn ò sì rí ẹni tó wà níwájú mọ́.

"Òkú ta ni?" ẹnì kan béèrè lọ́hùn-ún lẹ́yìn.

"Mi ò mọ̀ o, àmọ́ ọ̀nà ilé Alájì Sàlàkọ́ ni wọ́n ń gbà."

"Yéè! Alájì ti lọ!"

Ọlọ́kadà kan gbọ́ ìyẹn, kò dúró gbọ́ òmíràn. Fùùù! Ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ti délé Alájì ṣáájú gbogbo wọn.

Ilé gbóná! Alájà Rọ̀kíbátù, ìyàwó Alájì, ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Hanifah ń ké. Mojúbàolú, aládùúgbò tí òun àti Alájì kì í kí ara wọn nítorí ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ létí ọ̀sà, ló ń yí nílẹ̀ jù: "Sàlàkọ́ o! Èmi ni mo jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yẹn o! Ìwọ lo ni ibẹ̀ o!"

Alájì yọ sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ta ló kú?"

Alájà gbójú sókè. Ó rí aṣọ funfun.

"Yééè! Ó ti dìde!"

Pàrà! Ó ti wọlé, ó ti tilẹ̀kùn. Mojúbàolú tó ní orúnkún ò jẹ́ kóun rìn láti ọdún tó kọjá, òun la rí lórí ògiri.

"Èmi rèé! Mo ń mí!"

"Ta ló wá kú?" èrò béèrè.

Gbogbo ojú yí sí mọ́tò. Àfi bí ẹni pé ó ń retí wọn. Irin kan já lábẹ́ rẹ̀: kànràn-kànràn... gbọ̀ọ̀ọ̀.

"Òun ló kú," Alájì wí. "Yasir, kú ará fẹ́ra kù."

Yasir dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ojú ń tì í, ẹkún sì ń gbọ̀n ọ́n. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè fún mi lọ́mọ yín mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mojúbàolú! Ta lo ní ó jẹ̀bi lẹ́ẹ̀kan?"

"Mo rò pé o ti kú ni," Mojúbàolú dáhùn lórí ògiri.

"O ti sọ ọ́! Ìlú ti gbọ́!" Alájì bú sẹ́rìn-ín. "Látọjọ́ tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọkùnrin yìí! Yasir, dìde. Mọ́tò rẹ ló gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo fún ọ ní Hanifah."

"Alihamudulilahi! Ẹ ṣeun sà! Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, mọ́tò yìí gan-an ni màá fi—"

"Láéláé! Ọmọ mi ò níí fẹsẹ̀ rìn délé ọkọ. Èmi fúnra mi ni màá fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá bá ọ ní èbúté Ipakodo, ní Ìkòròdú. Ọ̀sà ò ní bọ́m̀pù."

Wọ́n mú ọkọ ìyàwó dé etí ọ̀sà, kó wá wo ọkọ̀ náà. Wọ́n ti fà á gòkè, wọ́n gbé e lé igi, ó ń dán. Yasir yí i po. Ó tẹ orí sápá kan. Ó lóṣòó, ó wá rọra ti ìka bọ abẹ́ rẹ̀.

"Ó dára o sà. Àmọ́ ṣé kò ga díẹ̀?"

"YASIR!" Igbe Alájì lé àwọn ẹyẹ kúrò lórí omi. "Fi í sílẹ̀! Bó o bá rẹ èyí náà wálẹ̀, ibo la máa sọ̀ kalẹ̀ sí?"