Ọ̀bẹ Kàsúmù Tí Kì Í Dípẹtà

Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ni, Kàsúmù ará Ọ̀jọ́ ni ì bá jẹ́ ọ̀gá pátápátá. Ẹ má bínú sí mi o, ọ̀rẹ́ mi ni, ilé wa sì fara kanra. Ṣùgbọ́n tí àkéekèé bá ta ọ́, ejò ló bu òun jẹ. Tí o bá rí ìjàpá lọ́nà oko, tirẹ̀ tó ìjókòó ọba!

Ọdún tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá kí wa ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Kàsúmù ti ṣe kúùkù fún òyìnbó kan ní Ìkòyí. Nígbà tí òyìnbó náà ń lọ sílé, ó fún un ní ọ̀bẹ kan. Ọ̀bẹ tó mú ni, èmi náà gbà. Ṣùgbọ́n irin lásán ni, kì í ṣe irú irin funfun tí kì í dípẹtà tó wà lóde báyìí. Kàsúmù ní irọ́ ni.

"Ọ̀bẹ yìí? Kó dípẹtà? Ẹ jù ú sínú ọ̀sà kí ẹ lọ bímọ, kí ọmọ náà dàgbà kó wá yọ ọ́, bó ṣe ń dán ló máa bá a!"

Ibi tó ti lọ sọ ọ́ ló burú. Ìlú Ìbà ló ti sọ ọ́, níwájú Bàbá Abọ́dúnrìn, tí Kàsúmù ń fẹ́ ọmọ wọn, Títílayọ̀. Ọkàn rẹ̀ wà lára ọmọ yẹn, ìyẹn nìkan ni ohun tí kì í bù mọ́.

Bàbá ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ pọ̀ jù fún mi, Kàsúmù. Gbé ọ̀bẹ náà wá lọ́jọ́ Iléyá, òun la ó fi dú àgbò mi. Tí mo bá rí ìpẹtà tó tó orí abẹ́rẹ́ lára rẹ̀, Àlàbá ará Ọ̀tọ̀ tí òun náà ń fẹ́ Títílayọ̀ ni n ó fún lọ́mọ. Ìyẹn ò mọ ọ̀rọ̀ sọ, àmọ́ kì í purọ́."

"Bàbá, ẹ rọra wò ó lọ́jọ́ náà o, kó má fọ́ yín lójú!"

Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òjò sì ń rọ̀ láràárọ̀. Ẹ̀rù ba ọ̀rẹ́ mi. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣe. Ọmọ etí omi ni wá, láti kékeré la ti ń rí àwọn ìyá wa tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí ẹja kó má bàa bàjẹ́. Kàsúmù bá rò ó pé ohun tó lè tọ́jú ẹja, kí ló dé tí kò ní lè tọ́jú ọ̀bẹ? Ó da iyọ̀ sínú ìkòkò, ó ri ọ̀bẹ mọ́ ọn dé èèkù, ó sì dé e.

Nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta, mo gbọ́ igbe láti yàrá rẹ̀.

"Kàsúmù, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan! Mò ń kọrin ni!"

Mo wọlé. Iyọ̀ ti fa omi, ó ti di ẹrẹ̀. Ọ̀bẹ òyìnbó sì pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún.

Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó gbé e sórí páànù kó gbẹ, òjò dé. Ó fi òkúta họ ọ́, ó bó ara rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí kò rí ọ̀nà mọ́, ó lọ bá Ìyá Àwẹ̀ró tó ń la ẹja létí omi.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní ọ̀bẹ yìí."

"Ọ̀rẹ́ rẹ náà dà?"

"Ó lọ sí Òkokomaíko."

"Kí ló fi sí i tó fi dà báyìí?"

"Iyọ̀ ni, Màmá."

"Iyọ̀ kẹ̀! Ṣé ó fẹ́ sè é jẹ ni?"

"Mo rò pé kò ní jẹ́ kó bàjẹ́ ni..."

"Hẹn-ẹ́n! Ìwọ lo rò ó!" Ìyá Àwẹ̀ró pàtẹ́wọ́. "Ẹ wá wo Kàsúmù o! Ó ti fi ọ̀bẹ ṣe ẹja oníyọ̀!"

Gbogbo obìnrin etí omi rọ́ dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá Àwẹ̀ró ló ṣàánú rẹ̀. Wọ́n bu eérú fún un, wọ́n la ọsàn wẹ́wẹ́ tó kan gógó sí méjì, wọ́n fún un ní èèpo àgbọn.

"Fún ọsàn sí i, bu eérú lé e, kí o fi èèpo àgbọn ra á. Láti èèkù lọ sí ṣóńṣó ni o! Má lọ síwá sẹ́yìn, àfi tí o bá fẹ́ fi ìka rẹ ṣe sàráà. Tó bá ti mọ́, tètè ṣan ọsàn kúrò, torí òun náà ń jẹ irin. Nù ún kó gbẹ, yá a níná díẹ̀, kí o wá fi òróró àgbọn pa á lára."

Kàsúmù gbé ìgò òróró, ó fẹ́ dà á.

"Díẹ̀ ni mo wí! Mi ò ní kí o dín in! Tí o bá sì ti lò ó, nù ún kí ó tó wọ inú àkọ̀. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí ọ̀bẹ mi ti ń la ẹja inú omi iyọ̀, wò ó."

Kàsúmù ra á títí di ọ̀sán. Gbogbo ìgbà tí omi ọsàn bá wọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti bó, ó ń kọ irú orin àná yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ mọ́.

Lọ́jọ́ Iléyá, lẹ́yìn ìrun, a dé Ìbà. Bàbá Abọ́dúnrìn gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n yí ọ̀bẹ síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n tún gbóòórùn rẹ̀.

"Ó ń rùn bí àgbọn."

"Bí tìlú òyìnbó ṣe ń rùn nìyẹn, Bàbá."

Wọ́n fi dú àgbò, ó já geere. Inú bàbá dùn. Wọ́n ní, "Mo tọrọ gáfárà, Kàsúmù. Ọ̀bẹ rẹ kì í dípẹtà lóòótọ́. Títílayọ̀, gbé omi wá fún ọkọ rẹ."

Ọkọ rẹ! Ká ní ó panu mọ́ níbẹ̀! Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, kò gbà.

"Bàbá, ẹ ń yin ọ̀bẹ, ẹ ò yin ọwọ́? Níjẹta, ọ̀bẹ yìí pọ́n ju ata lọ! Èmi yìí ni mo fi ọsàn àti eérú lé ìpẹtà kúrò lára rẹ̀! Kò sí ìpẹtà tó lè bá mi dé ọ̀sán láyé!"

Bàbá yọ awò ojú wọn.

"Ìpẹtà wo?"

Kàsúmù wo ojú mi. Èmi náà ń wo àgbò.

Mo ti ń wá bàtà mi kí wọ́n tó lé wa. Ṣùgbọ́n bàbá kò bínú. Wọ́n ní kí wọ́n kó gbogbo irin tó ti dípẹtà wá, kí Kàsúmù ra wọ́n. Wọ́n kó ọ̀bẹ ilé jáde, wọ́n kó àdá, wọ́n kó ọkọ́. Aládùúgbò gbọ́, àwọn náà ń gbé tiwọn bọ̀. Yésúfù apẹja àti ọkùnrin mẹ́ta ru ìdákọ̀ró ọkọ̀ rẹ̀ dé!

Bí a ṣe ń jẹ ẹran ni Kàsúmù ń ra irin. Àlàbá ará Ọ̀tọ̀ wá kí wọn kú ọdún, wọ́n fún un ní ìhà àgbò, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kàsúmù, ó jẹ ẹ́ tán.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni gbogbo ohun tó sọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni Kàsúmù tó parí. Ìka rẹ̀ ti hunjọ. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ti mọ́. Ọ̀rọ̀ Títílayọ̀ ńkọ́?"

Bàbá yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi dórí ìdákọ̀ró. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Mo ní tí mo bá rí ìpẹtà. Mi ò rí i. Mo ti sọ fún Àlàbá kó máa lọ, ìwọ ni n ó fún."

Kàsúmù fò dìde. "Ẹ ṣé, Bàbá! Ọjọ́ wo ni ká gbé ẹrù ìyàwó wá?"

"Farabalẹ̀, ọmọ mi. O mọ̀ pé àna ẹni, ọ̀wọ̀ là ń fún un, a kì í sì í kó irin ìdọ̀tí síwájú rẹ̀. Tí mo bá fún ọ níyàwó báyìí, o ti di àna mi nìyẹn, ta ni yóò wá bá wa ra ti ọdún tó ń bọ̀?"