Bàálù Tó Fìdí Jókòó

Òwúrọ̀ Sátidé ni, ní ìlú Přerov. Květa ti wọ kóòtù, ó ti ki ẹran díndín bọ búrẹ́dì fún ìrìn àjò wọn sí ibi ìdíje bàálù àfọwọ́ṣe ní Olomouc. Radovan, ọkọ rẹ̀, ti fi ọdún kan gbáko kan bàálù ogun MiG oníke kan tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó gbé e ka orí tábìlì bí ẹni gbé ọmọ tuntun sílẹ̀, ó yọwọ́. Imú bàálù gbéra díẹ̀díẹ̀, ìdí rẹ̀ sì kanlẹ̀.

"Bàbá Vendula, ṣé ó ti ń fò ni?" Květa bi í.

"Kò fò. Ó jókòó ni."

"Ó ti rẹ̀ ẹ́?"

"Imú ẹ̀ ló fúyẹ́. Ó yẹ kí òjé wà níbẹ̀. Ìwé inú páálí gan-an sọ ọ́ pé ká fi òjé sí imú."

"O ò wá kà á?"

"Mo kà á, mo sì fi í sí i. Ìgbà tó yá ni mo yọ ọ́."

"Kí ló ṣe ọ́?"

Radovan wolẹ̀. "Mo fẹ́ ráyè fún wáyà, lẹ́yìn àwọn aago iwájú awakọ̀. Irun burọ́ọ̀ṣì ni mo fi ṣe wọ́n. Mo kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bíi ti bàálù gidi."

"Mi ò rí wáyà kankan."

"O ò lè rí i. Mo ti lẹ̀ ẹ́ pa."

"Àwọn adájọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n máa ń tan tọ́ọ̀ṣì."

"Tọ́ọ̀ṣì wọn á wá la imú bàálù kọjá?"

"Rárá o."

"Ta ló wá máa rí i?"

"Èmi ṣáà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Má wò mí bẹ́ẹ̀, jàre. Mo ti pe ara mi ní òmùgọ̀ kí o tó dé ibẹ̀."

"Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà."

"Ìyá Vendula, mo gbé! Gbogbo ilé ọtí ni mo sọ fún pé bí mi ò bá gba ife lónìí, omi lásán ni màá máa mu títí di Kérésì."

"Wọ́n ti ń pọn omi dè ọ́." Ó fi ìka tẹ imú bàálù wálẹ̀. Bí ó ti yọwọ́, ó tún jókòó. "Fi igi tì í nídìí."

"Kí wọ́n máa sọ pé Radovan ra ọ̀pá ìtìlẹ̀ fún bàálù ẹ̀?"

"Ṣebí ìdí ló wúwo? Gé ìdí náà."

Radovan fẹ́ bínú, ó wá rántí nǹkan kan. Bí àwọn mẹkáníìkì bá fẹ́ tún MiG gidi ṣe, ṣe ni wọ́n ń tú gbogbo ìrù rẹ̀ kúrò, tí wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyàwó mi àtàtà!"

Ó mú ayùn wẹ́wẹ́, ó ń gé, ó ń làágùn. Ìrù já bọ́. Imú rọra wálẹ̀, táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹlẹ̀. Tọkọtaya dì mọ́ra, inú wọn dùn dọ́ba.

"Ó yá, gbé e sínú páálí. Wọ́n máa tó bẹ̀rẹ̀."

Radovan gbé bàálù sókè. Ó ti gbójú lé ojú ibi tó gé. "Ihò lásán ni."

"Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀?"

"Ẹ́ńjìnnì. Èyí tí wọ́n ń tà ní Prague, páìpù ẹ̀ ti sanra jù. Màá fọwọ́ ara mi ṣe é."

"Lónìí?"

"Ọdún kan péré. Bóyá kó lé díẹ̀." Ó ti ń wá wáyà nínú dúrọ́ọ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Ìdíje ti kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Květa bọ́ kóòtù, ó jókòó. "Bàbá Vendula, bàálù gidi ńkọ́? Báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kí wọ́n tó kàn án tán?"

"Ìyẹn ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Oṣù mélòó kan ni."

"Kúkú kan gidi, ká lè rí nǹkan wọ̀ lọ sí Olomouc."