Ìyàwó Tí Ìrẹsì Gba Ipò Rẹ̀

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, bí mo bá rò ó, ẹ ó ní irọ́ ni mò ń pa. Ìyàwó tuntun ló pe onífọ́tò lẹ́jọ́, ọkùnrin kan tí kámẹ́rà rẹ̀ gùn ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ.

"Baba, òun la gbéṣẹ́ fún pé kó ya ìgbéyàwó wa. Ẹ wo ohun tó kó wá!"

Baálẹ̀ ṣí ìwé fọ́tò. Ìrẹsì. Adìyẹ. Ìrẹsì láti ẹ̀gbẹ́. Ìrẹsì láti òkè. Gbogbo ìgbìmọ̀ gbé itọ́ mì.

"Ìyàwó dà?"

"Ẹ wo etí àwo yẹn, Baba. Ìka mi nìyẹn."

"Ọkọ ńkọ́?"

"Kéèkì ló bò ó."

Onífọ́tò gbọn agbádá rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. "Baba, mo ti kúrò nídìí fọ́tò ènìyàn. Oúnjẹ ni mo fẹ́ fi dolókìkí. Ènìyàn á ṣẹ́jú, á tún ní mo ya imú òun tóbi. Ẹ ti rí ìrẹsì tó ráhùn rí?"

"Kí ló dé tí o wá gba iṣẹ́ ìgbéyàwó?"

"Wọ́n ní oúnjẹ máa wà níbẹ̀."

"Òótọ́ kúkú ni," ìjòyè kan wí. Baálẹ̀ fojú bá a wí.

Wọ́n pe alásè. "Baba, kò sẹ́ni tó tíì yẹ́ ìkòkò mi sí báyìí rí! Ìgbéyàwó yẹn dùn!"

"O rí ìyàwó níbẹ̀?"

"Ìyàwó wo?"

Ni ìyàwó bá bú sẹ́kún. "Kì í ṣe tara mi ni mò ń sun. Ìyá àgbà ló tọ́ mi látìgbà tí ìyá mi ti kú. Fọ́tò kan péré tí àwa méjèèjì jọ wà ni mo fẹ́, nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé."

Ìyá àgbà dìde, a rò pé wọ́n á gbe ọmọ wọn.

"Èmi ò bá fọ́tò wá o. Itan adìyẹ tó gbà lọ́wọ́ mi, tó ní òun fẹ́ yà, kò dá a padà!"

"Ibo ló wà?" Baálẹ̀ béèrè.

Onífọ́tò wolẹ̀. "Ebi ń pa mí, Baba."

Baálẹ̀ húkọ́, ó dájọ́. "Nígbà tí ojú onífọ́tò yìí ò rí ohun tí kò bá sí nínú àwo, ẹ gbé ìyàwó àti ìyá àgbà sórí tábìlì, ẹ fi ewébẹ̀ àti tòmátì yí wọn ká. Ìwọ onífọ́tò, yà wọ́n bí oúnjẹ. Bí tòmátì bá fi lè hàn jù wọ́n lọ, ìwọ la ó sè. Lẹ́yìn náà, wá odindi adìyẹ fún ìyá àgbà."

Ọkùnrin náà fi òróró pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá àgbà kó lè dán, ó wọ́n omi sí ewébẹ̀, ó yà wọ́n. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ìyàwó gba fọ́tò náà, ó gbé e mọ́ àyà.

Ìyá àgbà yọjú wò ó. "Ó dáa. Àmọ́ kí adìyẹ tèmi má jẹ́ fọ́tò o."