Bàbá Àwọn Aláìsàn Mu Malta

Bí ẹ bá gbé ní Chicago lọ́dún 1986, tí ẹ kò sì mọ Alájì Sàláhúdéènì Bádéjọ, a jẹ́ pé ara yín le. Àwọn tó dùbúlẹ̀ ní ọsibítù ló mọ Alájì, torí òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ joyè Bàbá Àwọn Aláìsàn ti Chicago, Lansing, Olympia Fields àti agbègbè rẹ̀. Ó tẹ oyè náà sára káàdì. Ó tún fi lẹ́tà aláwọ̀ góòlù kọ ọ́ sẹ́yìn mọ́tò rẹ̀, Oldsmobile kan tó gùn débi pé bí iwájú rẹ̀ bá ti wọ ọgbà ọsibítù, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà ní ìlú Bolingbrook lọ́hùn-ún.

Iṣẹ́ oyè náà kò le. Bí ọmọ ẹgbẹ́ Mùsùlùmí wa kan bá wọ ọsibítù, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ á se oúnjẹ, Alájì á gbé e lọ. Kò rà, kò sè, kò fọ abọ́. Ṣùgbọ́n bó bá gbé fúláàsì dání, tí agbádá léèsì funfun rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ kọ́rídọ̀, ẹ ó rò pé òun ló kọ́kọ́ gbin ìrẹsì láyé.

Ọ̀gá nínú agbé-fúláàsì! A-gbọ́bẹ̀-rìn-bí-ẹni-gbádé! Ikùn ń ṣíwájú, Alájì ń tẹ̀lé e!

Nígbà tó yá, Ràhámọ̀tù, ìyàwó Mùstàfá tó ń wa takisí, bímọ nípa iṣẹ́ abẹ. Wọ́n gbé ọmọ lọ sílé, wọ́n dá ìyá dúró, torí ojú egbò rẹ̀ kọ̀, kò jinná. Dókítà ní kó máa jẹ ẹran dáadáa. Kàfáyàtù ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń se odindi adìẹ lójoojúmọ́, ó ń ra Malta, ohun mímu dúdú aládùn, mọ́ ọn ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Puerto Rico. Alájì ń gbé e lọ.

Maritza, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Ràhámọ̀tù, kì í gba gbẹ̀rẹ́.

"Alájì, oúnjẹ gbígbóná gbọ́dọ̀ gbóná débí. Ẹ kọ orúkọ aláìsàn sára rẹ̀, ẹ kọ aago tí wọ́n sè é. Ohun tó bá kù lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ dà á nù."

Alájì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tó gbọ́ jù ni "ohun tó bá kù."

Ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe ń ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun níwájú àgbà á ní, "Ẹ wá jẹun, sà." Àgbà á ní, "Á gba ibi ire o." Ó parí. Kò sẹ́ni tó ń retí kí àgbà fa àga. Lọ́jọ́ kìíní, Ràhámọ̀tù ṣe bí wọ́n ti kọ́ ọ nílé.

"Ẹ wá jẹun, sà."

"Ọmọ yìí, wọ́n kọ́ ọ re!" Alájì fa àga.

Ó jẹ itan, ó jẹ àyà, ó jẹ apá méjèèjì. "Wákàtí méjì ti ń lọ," ló ń wí bó ṣe ń fa mùdùnmúdùn inú egungun. "Mi ò fẹ́ kí bakitéríà pa ọ́."

Ràhámọ̀tù jẹ ìrẹsì ṣíbí mẹ́ta. Maritza wọlé, ó rí abọ́ tó mọ́ bíi dígí, inú rẹ̀ dùn, ó kọ ọ́ sínú ìwé: aláìsàn jẹ gbogbo oúnjẹ rẹ̀ tán.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Adìẹ ń wọlé, Ràhámọ̀tù ń rù, Alájì ń dẹ okùn ṣòkòtò. Lọ́jọ́ Furaidé, dókítà ka ìwé Maritza, ó họ orí.

"Odindi adìẹ lóòjọ́, ó sì ń jò bí àbẹ́là? Aràn ni! Aràn ńlá ló wà nínú ikùn yìí. Lọ́la a ó yẹ inú rẹ̀ wò. Tá ò bá rí nǹkan kan, a ó tún ikùn náà là lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Ràhámọ̀tù sunkún títí. Wọ́n fẹ́ la ikùn tí kò tíì jinná, ọmọ rẹ̀ sì wà nílé tí kò tíì mọ òórùn ìyá. Ó fẹ́ sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń fẹjọ́ ẹni tó tó bàbá ẹni sun òyìnbó?

Lọ́jọ́ Sátidé, Maritza po aró búlúù kan tí kì í pa èèyàn lára mọ́ ife Malta, kí wọ́n lè mọ bí nǹkan ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. Malta dúdú, kò sẹ́ni tó lè rí búlúù nínú rẹ̀. Ó ní kí Ràhámọ̀tù rọra mu ún, òun náà sì lọ jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́ yẹn gan-an lẹgbẹ́ fẹ́ fún Alájì ní àwo-ẹ̀yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Ta ló mú àbá náà wá? Alájì ni. Ó sì ti sọ fún wọn pé òun ń gbààwẹ̀ nítorí àwọn aláìsàn. Ó ṣíwájú wọn dé, ó pa adìẹ rẹ́, òùngbẹ dé.

"Sà, inú ife yẹn, nọ́ọ̀sì ní..."

"Kí ni nọ́ọ̀sì mọ̀? Malta kì í pẹ́ nínú ife. Mo mọ òfin wọn jù wọ́n lọ."

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti fi..."

Gbọ̀ngbọ̀, gbọ̀ngbọ̀. Ife ṣófo.

Ẹgbẹ́ wọlé, kámẹ́rà lọ́wọ́, Kàfáyàtù gbé fúláàsì tuntun dání. Alájì dìde, ó ká agbádá lé èjìká.

"Ẹ̀yin ará, láti àná, omi kò kan ètè mi..."

Ètè náà búlúù. Eyín búlúù. Ahọ́n búlúù bí aṣọ àdìrẹ. Kámẹ́rà kọ mọ̀nà.

Gabriel, tó ń ti kẹ̀kẹ́ àwọn aláìsàn, ń kọjá lọ, ó rí ètè tó búlúù bíi ti ẹni tí èémí ń tán lọ lára rẹ̀. "Ọkùnrin yìí ò rí èémí gbà!" Ó ti Alájì sórí kẹ̀kẹ́, ó fi ìbòmú ọ́síjìn dé e lẹ́nu. Dókítà sáré dé.

"Kí lo jẹ?"

"Mò ń gbààwẹ̀."

"Kí lo mu?"

"Ààwẹ̀ ni mo ní!"

"Ọ̀ràn ńlá nìyẹn. Ẹ mú rọ́bà wá, ká tì í gba imú rẹ̀ wọ ikùn."

Alájì wo rọ́bà. Rọ́bà náà gùn tó ọ̀nà Lansing. Ó já ìbòmú dànù.

"Malta ni! Malta Ràhámọ̀tù ni mo mu o!"

Kàfáyàtù sún mọ́ ọn. "Malta nìkan, Alájì?"

"Àti adìẹ díẹ̀."

"Díẹ̀ bíi báwo?"

"Itan."

"Alájì!"

"Àti ìyókù rẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ṣebí òun ló ní kí n wá jẹun!"

Dókítà la ẹnu Ràhámọ̀tù wò. Kò sí búlúù níbẹ̀. Ó gba ìwé, ó fi pẹ́ẹ̀nì fagi lé iṣẹ́ abẹ ọjọ́ Mọ́ńdè.

"A ti rí aràn náà," ló wí. "Agbádá ló wọ̀."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ràhámọ̀tù di ikùn mú: "Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, egbò mi o!"

Dókítà ní kí Alájì jókòó sórí kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, kó má jẹ, kó má mu. Kàfáyàtù ṣí fúláàsì. Òórùn adìẹ gba yàrá kan. Ràhámọ̀tù di itan mú, ó bù ú jẹ, ó rọra ń rún un lẹ́nu. Maritza jókòó tì í, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Alájì dá itọ́ mì. Itọ́ náà búlúù.