Ìkọ́kọrẹ́ Inú Fóònù

Ọjọ́ Sátidé kan ò ní kúrò lọ́kàn mi láyé mi, nítorí ọjọ́ náà ni mo fi ọṣẹ ìfọyín kun ojú, tí mo sì fi ojú bẹ́ẹ̀ bẹ obìnrin kan pé kó fẹ́ mi.

Kọ́ńfọ́tì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Màkún-Omi ni. A jọ kàwé ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, láyé ìgbà tí a máa ń rẹ gààrí mu lábẹ́ igi lọ́sàn-án, tí ẹni tó bá ní ẹ̀pà lọ́wọ́ á di ọba láàárín wa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà, n kò sọ. Ó fẹ́ ẹlòmíràn, èmi náà gbéyàwó. Ọdún gorí ọdún. Ọkọ rẹ̀ kú, ìyàwó tèmi náà sì ti lọ sinmi. Nígbà tí Bùkọ́lá ọmọ mi ra fóònù ńlá fún mi, àwọn tí a jọ kàwé fà mí wọnú ẹgbẹ́ wọn lórí Wásáàpù, ibẹ̀ ni mo ti tún rí Kọ́ńfọ́tì. A bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa sọ̀rọ̀ títí mo fi ní kó wá kí mi nílé mi ní Òjòwò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ti pinnu pé n ó sọ tọkàn mi lọ́tẹ̀ yìí.

"Ta ló máa se oúnjẹ?" ó bi mí. "N kì í wọ ilé ìdáná ọkùnrin tí kò tíì fẹ́ mi o."

"Èmi ni. Ìkọ́kọrẹ́ ni n ó sè."

"Ìwọ, Alága?" Alága ni wọ́n ń pè mí nílé ẹ̀kọ́, torí èmi ni mo máa ń darí ìpàdé ilé tí a ń gbé. "Jẹ́ n wá fojú ara mi rí i."

Bí mo ṣe gba inú fóònù lọ nìyẹn. Fóònù yìí, bí ẹ bá wo nǹkan lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀ yín nìyẹn. Mo wo ìkọ́kọrẹ́ kan, ó gbé òmíràn wá, títí ó fi gbé ọmọbìnrin kan tí èékánná rẹ̀ gùn bí ṣíbí kò mí lójú. Ó ní ká má jìyà mọ́, ká má rin ewùrà mọ́, bẹ̀lẹ́ńdà ni ká fi lọ̀ ọ́. Mo ra bẹ̀lẹ́ńdà tó fi hàn, mo ra ìkòkò tó fi hàn. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn ti kọ ọ́ sábẹ́ fídíò náà pé àwọn dán an wò, ó dùn. Ṣé gbogbo ayé á wá máa purọ́ ni?

Ẹ rántí pé ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí o. Ìṣojú mi ni ìyá mi ti máa ń rin ewùrà lára páànù oníhò, tí yóò máa fọwọ́ bù ú sínú omi ata tó ń hó, tí yóò dé e, tí kò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rò ó títí yóò fi dì. Ẹni tó bá ki orógùn bọ ìkòkò náà kó tó jinná, ìgbátí ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò ní ọmọlẹ́yìn lórí fóònù. Ọmọbìnrin yìí ní.

Bùkọ́lá pè mí láti Èkó: "Bàbá mi, ẹ jẹ́ n bá yín wá ẹni tó máa sè é."

"Fi mí sílẹ̀. Mo ti wo fídíò."

Nígbà tí ọjọ́ pé, ewùrà kọ̀, kò yí nínú bẹ̀lẹ́ńdà. Mo da omi sí i. Ó ṣàn bí ògì. Mo dà á sínú ìkòkò. Ọmọbìnrin náà ní ká máa rò ó láìdáwọ́ dúró, mo sì ń rò ó. Ó ki, ó ń fà, ó di lẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gbé orógùn sókè, ìkòkò tẹ̀ lé e.

Àárín èyí ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo fi ọwọ́ náà nu òógùn ojú àti ti ọrùn. Ẹni tó bá mọ ewùrà mọ ohun tó tẹ̀ lé e: ojú àti ọrùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Epo pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, òun gan-an ni wọ́n máa ń fi pa ibi tí ewùrà bá ń yún, àmọ́ fóònù ni mo nawọ́ sí. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun, bóyá dókítà ni, bóyá onígbàjámọ̀ ni, ní ká fi ọṣẹ ìfọyín kun ibi tó bá ń yúnni. Mo kùn ún láti iwájú orí dé ọrùn. Ojú mi ń ta, omi ń bọ́ lójú mi, ìyún ò lọ. Ìgbà náà ni wọ́n kan ilẹ̀kùn.

"Yéè! Alága, ṣé eégún ń jáde ní Òjòwò lónìí ni?"

"Káàbọ̀, Kọ́ńfọ́tì. Ewùrà ló ń yún mi."

"Ewùrà ń yún ọ, o wá ń fọ eyín lójú?"

Ó gbé ẹja yíyan tó rà fún mi ní ọjà Efire kalẹ̀, ó yọjú sínú ìkòkò. "Kí lèyí?"

"Ìkọ́kọrẹ́ ni."

"Ta ló pa á?"

Mo ní ọmọbìnrin kan ló ní kí n máa rò ó. Ó bi mí pé ọmọ ta ni, ọmọ ìlú wo ni. N kò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Epo pupa ló wá fi pa mí lọ́wọ́. Ó ní kí n má tíì fọ ti ojú kúrò, òun ò tíì rẹ́rìn-ín tán. Gààrí la rẹ, a fi ẹja mu ún. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí mo ti tò sílẹ̀ ti sá lọ, mo sì mọ̀ pé mo ti ba ọ̀rọ̀ ara mi jẹ́.

Ó wá wò mí. "Ní Àgọ́-Ìwòyè, mo mọ̀ pé o fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní n má dán an wò, wọ́n ní o ò ní gbà."

Ó gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ kalẹ̀. "Nígbà yẹn, ọ̀rẹ́ ló ń sọ ohun tí o máa ṣe. Nísinsìnyí, fóònù ni. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

"Mo fẹ́ kí o fẹ́ mi," ni mo wí. N kò fi kún un.

Ó wá yọ fóònù tirẹ̀, ó nà án sí mi lójú. "Dúró bẹ́ẹ̀."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi han àwọn ọmọ mi, kí wọ́n mọ ohun tí ìyá wọn fẹ́ kó sí."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó ní èèyàn tó lè bi léèrè kò gbọ́dọ̀ lọ máa bi àlejò. Àmọ́ ẹ̀kọ́ náà ò ràn kọjá ọ̀dọ̀ mi. Kọ́ńfọ́tì fi àwòrán náà sínú ẹgbẹ́ wa, ó ní ọwọ́ òun ló ṣì í tẹ̀, n kò sì gbà á gbọ́ títí dòní tó ti di ìyàwó mi. Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín títí. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá àgbà bí èmi, wá bá mi ní kọ̀rọ̀ pé irú ìpara funfun wo nìyẹn, níbo lòun ti lè rí i rà, nítorí ó jọ pé ó ń ṣiṣẹ́ lára obìnrin. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni.