Bí Oyèdìran Àlàmú Ṣe Gbé Ẹ̀rọ Ìgékoríko Níyàwó

Ẹ ṣí fìlà, ẹ tún gèlè wé, kí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà gbé e mì ná, nítorí orúkọ tí mo fẹ́ dá yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹnu dídí dá. Oyèdìran Àlàmú ni mo ń wí, ọmọ Akínlàbí tó pàdé ẹkùn lọ́nà odò, tí ẹkùn kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ará ilé lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó yà fún un. Ọmọ-ọmọ Ọ̀jẹ́bíyìí tó fi ọwọ́ òsì fa ìrókò tu nítorí pé ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún họ imú. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ìrókò. Ìdílé tí kì í sá fún ogun ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun kankan ò dé abà Ọ̀dàn-Ńlá rí láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ dó. Àlàmú fúnra rẹ̀, géńdé tó sanra níwájú tó sanra lẹ́yìn, tí ilẹ̀ ń mọ̀ ọ́n lára bó bá ń bọ̀, òun náà ni ìyàwó rẹ̀ máa ń rán lọ pọn omi, kò sì kọ̀ fún un rí. Akíkanjú tó ń gbọ́ràn sí aya rẹ̀ lẹ́nu ló ń pẹ́ láyé.

Ta wá ni ọ̀tá tí irú ọkùnrin báyìí ń bá jà? Koríko ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo ń sọ̀rọ̀. Bẹẹrẹ tó ga ju ẹni tó gun ẹṣin lọ, àti eéran tó fún ara wọn lọ́rùn, wọ́n ti gba gbogbo oko kaṣú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, láti etí títì títí dé etí odò, ilẹ̀ tó jẹ́ pé bí èèyàn bá wò ó láti orí àpáta, ojú á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó rí òpin rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ni Àwẹ̀ró, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Gbádébọ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ gbin kaṣú náà nígbà tí eegun wọn ṣì le. Ọkọ ti kú, ó wá ku òun àti kaṣú. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, iná igbó gba inú koríko gbígbẹ wọlé, ó sì jó apá ẹ̀bá títì di eérú. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbé òkú ọkọ rẹ̀ wọlé ni.

Lọ́dún yìí, kí òjò tó dá, ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀. “Àlàmú,” ó ní, “ìwọ lo ni katakata. Lọ wá nǹkan tó máa gé koríko yìí kí ọyẹ́ tó dé. Bí iná bá tún jó o, mi ò ní gbìn mọ́. Màá lọ bá ọmọ mi n’Ìbàdàn, kí n máa ṣọ́ ilé fún un.” Ẹni tó bá mọ Ìyá Gbádébọ̀ mọ̀ pé obìnrin náà kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Kaṣú yẹn ló máa ń kí láàárọ̀ kó tó kí èèyàn.

Bí akọni ṣe gbéra nìyẹn. Ó wọ dàńṣíkí rẹ̀ tó nípọn jù lọ, ó mú Bùráìmọ̀ tó ń bá a wa katakata lẹ́yìn, ó di àgbàlá Alájà Rábíátù lójú ọ̀nà Ṣakí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ tí àwọn awakọ̀ ń pè ní síláṣà, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń so mọ́ ìdí katakata, tí abẹ gbọọrọ ń yí bírí nísàlẹ̀ rẹ̀, tó sì ń dá koríko lọ́rùn. Mẹ́ta ló tò sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan pupa, ó fẹ̀ débi pé ewúrẹ́ mẹ́fà sùn sí ìbòòji rẹ̀, wọn ò sì fara kan ara wọn. Ọ̀kan kéré, ó rí minijọ, ó ń dán. Ẹ̀kẹta wà láàárín wọn, àwọ̀ ewé, kò ga, kò kúrú, eruku ti bò ó; ẹnikẹ́ni ò wo ibẹ̀.

Bùráìmọ̀ rí èyí tó pupa, itọ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà ní àgbàlá ló ń sọ pé irú rẹ̀ ló yẹ ọmọ Akínlàbí, pé bí èyí bá wọ Ọ̀dàn-Ńlá, ọba ìlú kejì á gbọ́. Ọkàn Àlàmú náà fà sí i, ẹ jẹ́ ká má parọ́ fún ara wa, nítorí akọni fẹ́ràn ohun ńlá. Àmọ́ ó rántí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó yí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta po, ó wá béèrè ìbéèrè tí wọn ò béèrè rí ní àgbàlá náà látìgbà tí wọ́n ti mọ ògiri rẹ̀.

“Alájà, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n wọn dà? Ilé ta ni wọ́n wà lọ́kọ?”

Alájà Rábíátù rò pé oòrùn ló mú un. Ó ní kí wọ́n fún un lómi tútù. Àlàmú mu omi náà tán, ó sì ṣàlàyé pé nínú ìdílé tòun, ẹnìkan kì í rí ọmọge lọ́jà kó kàn gbé e relé. A ó kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. A ó bi ará àdúgbò bóyá wọ́n ń ṣe wèrè nílé wọn, bóyá wọ́n ń jà, bóyá wọ́n ń jalè. Ìyàwó tí a kò ṣèwádìí, ẹ̀yìn ìgbéyàwó ni ojú á tó là. Alájà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí mú, ó sì dárúkọ oko kọ̀ọ̀kan tó ti tà nínú irú wọn. Àlàmú fi Bùráìmọ̀ ṣe alárenà, àwọn méjèèjì sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Oko Láwóyin ni ẹ̀gbọ́n èyí tó pupa wà. Láwóyin mú wọn jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ bí ọkọ tí ìyàwó ti mú lẹ́rú. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sókè, ẹ̀rọ náà wúwo débi pé katakata gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀, awakọ̀ sì ń wo ojú ọ̀run. Ó ní bó bá wọ àárín igi, àyè kì í gbà á. Ó bó èèpo igi ọsàn òun lára látòkè délẹ̀. Katakata ńlá, ilẹ̀ gbalasa, ibẹ̀ ló yẹ ẹ. Àlàmú kí i kú ìrọ́jú. Ó mọ bí katakata tirẹ̀ ṣe mọ, ó sì mọ bí kaṣú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe súnmọ́ra tó.

Oko àwọn Àkàngbé ni ẹ̀gbọ́n èyí tó kéré wà. Wọn ò bú u. Wọ́n ní ọmọlúàbí ni, ẹnu rẹ̀ ni kò tó nǹkan: bó bá gé ìlà kan, táyà katakata á tún ti tẹ ìlà mìíràn mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ibi tó gé. Bó sì bá kọlu òkìtì ikán, jíà inú rẹ̀ á fọ́, á sì dákú.

Èyí tó ní àwọ̀ ewé ni wọ́n béèrè nípa rẹ̀ kẹ́yìn, lọ́dọ̀ Pásítọ̀ Ọlọ́runnífẹ̀ẹ́ tó ní oko máńgòrò. Pásítọ̀ ò wá ọ̀rọ̀ sọ rárá. Ó ní èyí ò ní wàhálà, ó ṣe wẹ́kú ẹ̀yìn katakata, ó gba àárín igi kọjá pẹ̀lú àyè. Bó bá fẹsẹ̀ kọ kùkùté, kilọ́ọ̀ṣì kan wà lọ́rùn rẹ̀ tó máa ń yọ̀, abẹ rẹ̀ á ká sẹ́yìn, kò ní bínú, kò ní fọ́, á tún máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àlàmú dìde dúró. Obìnrin tó mọ bí a ṣe ń yẹ̀ fún ìjà ló ń gbé ilé ọkọ pẹ́. Ó ní òun ti rí ìyàwó.

Ẹ ò rí ọjọ́ ìdána. Àlàmú kó obì, orógbó, oyin, ataare, iyọ̀ àti iṣu dé àgbàlá Alájà. Alájà náà, ó ti wọ inú eré yìí tán, ó pe àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n pa obì, wọ́n ṣàdúrà pé kí ó bí ọmọ púpọ̀. Nítorí pé irin ò lẹ́nu, Bùráìmọ̀ ló bá a sun ẹkún ìyàwó, ó sì sun ún débi pé àwọn obìnrin mẹ́ta bá a sunkún lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Ọ̀dàn-Ńlá, wọ́n bu omi tútù, wọ́n fi wẹ táyà kékeré tó wà ní ìdí ẹ̀rọ náà, nítorí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yẹn ló ní.

Ibi tí akọni ti ṣìṣe nìyí, kí n sọ ọ́ kó tán. Àlàmú ní ìyàwó tuntun kì í ṣiṣẹ́, pé ó gbọ́dọ̀ sinmi, kí ará ilé wá wò ó. Ó tì í sábẹ́ àtíbàbà, ó da òfì bò ó, àárọ̀ àárọ̀ ló ń lọ béèrè bó ṣe sùn. Ẹ̀rọ ń sinmi, koríko ń gbẹ. Ọyẹ́ dé, ètè ń là, èéfín sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lókè odò. Ìyá Gbádébọ̀ rí èéfín náà, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó wá bá àbúrò rẹ̀.

“Kí ni ìyàwó yìí ń ṣe nínú ilé?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń sinmi ni. Ẹ ò rí i pé tuntun ni.”

“Èmi náà di ìyàwó rí,” ni Ìyá Gbádébọ̀ wí. “Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo délé bàbá Gbádébọ̀, kí àkùkọ tó kọ ni mo ti gbá gbogbo agbo ilé. Ìwọ Àlàmú, ilé wa ni ìyàwó á ti máa sùn, tí ilẹ̀ á wà ní àìgbá?”

Àlàmú dìde, ó lọ sábẹ́ àtíbàbà. Ó ká òfì kúrò.

Háà, ẹni tó rí ogun ọjọ́ náà kò ní gbàgbé. Katakata bú, abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, bẹẹrẹ tó ti ń gbéraga látìgbà òjò sì ń wó lulẹ̀ lọ́nà ọ̀tún lọ́nà òsì. Àlàmú ti lọ síwájú lókèèrè, ó ń fi màrìwò sàmì sí kùkùté kí Bùráìmọ̀ lè yà fún un. Òkété kan fò yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ọmọ Akínlàbí sì gun orí kaṣú lọ yẹ ojú ogun wò láti òkè. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yẹ̀ ẹ́ wò tán. Ẹ̀rọ náà kọlu òkìtì ikán kan tí wọn ò rí, gbì. Ọrùn yọ̀, abẹ ká sẹ́yìn, Bùráìmọ̀ gbé e sókè díẹ̀, wọ́n tẹ̀síwájú. Wọn ò dúró títí tí gbogbo ilẹ̀ oko náà fi mọ́ lábẹ́ igi, tí wọ́n sì fi kó gbogbo koríko gígé tó wà létí oko kúrò.

Kò pẹ́ sí i ni iná dé. Ọ̀sán gangan ni, atẹ́gùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó jẹ igbó aládùúgbò, ó ń han bọ̀. Gbogbo wa dúró sétí oko pẹ̀lú ewé tútù àti garawa omi, Ìyá Gbádébọ̀ sì dúró láàárín. Iná dé ibi tí wọ́n gé, ó na ọwọ́, ó wá oúnjẹ, kò rí. Ó rọlẹ̀. A fi ewé lu èyí tó kù, ó sì kú.

Obìnrin náà wọ inú oko lọ, ó ń fọwọ́ kan igi kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tó padà, ó lọ bá ẹ̀rọ náà níbi tó wà lẹ́yìn katakata, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi nu eérú kúrò lára irin náà, díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń nu ojú ọmọ.

“Ìyàwó wa,” ó ní, “o kú iṣẹ́. Mi ò lọ sí Ìbàdàn mọ́.”

Nítorí náà, kí Ṣakí gbọ́, kí Ìsẹ́yìn gbọ́, kí àwọn tó wà lẹ́yìn odò gbétí sílẹ̀: Oyèdìran Àlàmú, ọmọ Akínlàbí, ọmọ-ọmọ Ọ̀jẹ́bíyìí, géńdé tí ilẹ̀ ń mọ̀ lára, ti ra ẹ̀rọ ìgékoríko, ó sì ra èyí tó bá katakata rẹ̀ mu.